Àyẹ̀wò Jẹ́nótáìpù Ṣáájú Ìgbéyàwó: Láàbù Tí A Lò ní Ìbàdàn

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún láàbù yìí. Màá sọ ohun tó jẹ ẹyọ kan tó kù.

Àfẹ́sọ́nà mi ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ níbòmíràn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gún un níka, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ náà sínú omi oògùn kan, wọ́n wò ó bóyá yóò dọ̀tí, wọ́n sì kọ AA fún un. AS ni èmi, nítorí náà inú wa dùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní, "Ẹ má tíì yan aṣọ ẹbí o." Àyẹ̀wò olómi yẹn, S nìkan ló ń wá, ìyẹn irú èyí tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì mọ C, irú mìíràn tí èèyàn lè jogún, rárá. Bẹ́ẹ̀ C yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà lọ.

Láàbù kejì yìí, electrophoresis ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn fífi iná mànàmáná ya A, S àti C sọ́tọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lápá wa, wọ́n bi wá bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí wa lára láìpẹ́ yìí, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè da èsì rú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo iṣẹ́ náà, wọn ò kọ̀. Wọ́n to ẹ̀jẹ̀ wa sórí ọ̀já funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tan iná mànàmáná sí i. Àmì pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà: A ló sáré jù, S tẹ̀ lé e, C ló gbẹ̀yìn. Tèmi ní A àti S. Tirẹ̀ ní A, ìlà kejì sì wà lẹ́yìn pátápátá. AC ni.

Dókítà wọn jókòó tì wá dáadáa. AS àti AC, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SC. Kì í ṣe pé tẹ́ ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò ní in; gbogbo oyún ló ní tirẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni SC náà. Ó sábà máa ń rọ̀ ju SS lọ, àmọ́ ó máa ń ba ojú jẹ́, ó sì lè ba egungun ìbàdí jẹ́. Kò sọ pé ká má fẹ́ra. Ìyẹn wù mí púpọ̀.

Ẹyọ tó kù wá ńkọ́? Obìnrin tó wà níwájú ké èsì wa mọ́ orúkọ wa níbi tí èrò kún sí. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹni. Mo sọ fún ọ̀gá wọn, ó bẹ̀ wá.

Wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò sórí bébà. Tí tiyín kò bá ní in, ẹ bèèrè. Owó wọn ga ju ti ẹ̀bá ọ̀nà lọ, àmọ́ wọ́n ń gba tíránsífà. Ẹ tètè dé, torí wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án.