Bougainvillea, ixora, hibiscus àbí frangipani: èwo ni kí ẹ rà bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé?

Ní Òṣogbo, òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí ọgbà lójú oorun. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, bí ọ̀yẹ́ bá ti lọ, tí ilẹ̀ sì ti mu omi lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, igi tó dà bí òkú á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Àsìkò yìí náà ni àwọn tó ń ta òdòdó létí títì máa ń tò wọ́n síta, oníbàárà á sì nawọ́ sí èyí tó bá pọ́n jù. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Òdòdó tó wà lórí igi lọ́jọ́ tí ẹ rà á kò ní pẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ bá gbìn ín sí ló máa sọ bóyá òmíràn á yọ.

Omi ló pín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀nà méjì. Bougainvillea àti frangipani kò fẹ́ kí omi dúró nídìí wọn rárá. Ixora àti hibiscus kò lè fara da òùngbẹ. Bó bá jẹ́ pé omi rírà lẹ ń lò láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, ẹ ti mọ apá ibi tó yẹ kí ẹ wò.

Bougainvillea àti ixora lójú ògiri

Àwọn méjì yìí la máa ń fi wéra jù, torí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ni wọ́n sábà máa ń gbìn wọ́n sí.

Ohun tí à ń pè ní òdòdó bougainvillea, ewé tó ní àwọ̀ ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni funfun kékeré tó wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà fi ń pẹ́ lórí igi. Ó ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, òùngbẹ díẹ̀ ló sì ń mú un tanná. Ẹ ó rí i pé ó máa ń tàn yòò ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá sì di oṣù keje, ewé nìkan ló ń bo ògiri. Ẹni tó bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, tó tún ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí rẹ̀, ewé ló máa kó jọ, torí náítírójìn inú ìgbẹ́ adìyẹ ń ti igi síhà ewé.

Gbòǹgbò rẹ̀ ò lágbára. Ẹ má fa igi náà yọ nínú ọ̀rá. Ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà láti òkè délẹ̀, ẹ gbé e sínú ihò pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ tó dì mọ́ ọn, kí ihò náà fẹ̀ tó ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kìíní, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi bí erùpẹ̀ bá gbẹ dé sẹ̀ǹtímítà 5. Ó ní ẹ̀gún tó mú, nítorí náà, kò yẹ ojú ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà sáré.

Ti ixora yàtọ̀. Ilẹ̀ tó ní kíkan díẹ̀ ló fẹ́, simẹ́ǹtì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tuntun, èérún simẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ máa ń yí ilẹ̀ padà. Ewé tuntun á wá pọ́n bí òróró, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ebi ló ń pa á, wọ́n á da ajílẹ̀ NPK sí i. Kò ní ràn án. Irin ni ewé náà ń wá: ó wà nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n simẹ́ǹtì kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ kó òkúta àti simẹ́ǹtì inú rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ilẹ̀dú ìlọ́po méjì àti ewé jíjẹrà ìlọ́po kan dí i. Ẹ jìnnà sí ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 60.

Orí ẹ̀ka ni òdòdó ixora ti ń yọ. Bí aṣọ́gbà yín bá ń rẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ méjì méjì kó lè gún régé, òdòdó tó ń bọ̀ lọ́nà ló ń gé dànù. Ẹ rẹ́ ẹ bí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ bí oṣù méjì.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ kọ́kọ́ wọn ògiri yín. Fún mítà 10, ixora kékeré tí a gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 40 síra á gba bíi 25. Bougainvillea ní mítà 2 síra, 5 péré ni. Nítorí náà, iye owó igi kan ṣoṣo kọ́ ni kí ẹ fi wéra. Ní tiwa, ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń bá wí, bougainvillea ni. Ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọlé, tí omi sì wà nítòsí, ixora ni.

Hibiscus

Òdòdó kan kì í ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n òmíràn á là lọ́jọ́ kejì. Ìbátan ilá àti ìṣápá ni, kòkòrò tó ń bá wọn jà ń bá òun náà jà. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti délé kí ẹ tó rí i, ṣíbí kékeré ọṣẹ olómi kan nínú omi líta 1, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bí èèhù òdòdó bá ń já bọ́ kó tó là, ẹ wò ó bóyá ẹ ń gbàgbé omi rẹ̀.

Ẹ má fowó ra pupa tó wọ́pọ̀. Ẹ tọrọ ẹ̀ka tó nípọn bí pẹ́ńsù, sẹ̀ǹtímítà 15, lọ́wọ́ aládùúgbò, yóò hù. Àwọn aláràbarà tàbí onípele ni kí ẹ rà.

Frangipani

Lásìkò ọ̀yẹ́, ó máa ń já gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀, á wá dúró bí igi ìdáná. Àwọn kan á ní ó ti kú, wọ́n á máa da omi sí i, ìyẹn ló sì máa ń pa á, torí ẹ̀ka rẹ̀ ti ní omi nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: bó bá le, ó wà láàyè, bó bá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ó ti rà. Ẹ bi olùtajà bóyá ẹ̀ka ni wọ́n fi gbìn ín àbí irúgbìn, nítorí ti irúgbìn lè gbà ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó tanná. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, ẹ fi í síbòji ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ojú gígé náà gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín sínú iyanrìn. Oje funfun rẹ̀ ń yún ara, ẹ má jẹ́ kó kan ojú. Ilẹ̀ àfọ̀ tó sún mọ́ odò kò yẹ ẹ́ rárá.

Tulip tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má rà á. Iṣu rẹ̀ nílò òtútù bí ìwọ̀n 9 lórí Celsius tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta kó tó lè tanná dáadáa, ọ̀yẹ́ Òṣogbo kò sì débẹ̀. Rain lily ni kí ẹ wá: ẹ gbin iṣu rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sínú ilẹ̀, á tanná ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Òdòdó oníṣu mìíràn tó ń hù nínú igbó wa tún wà, tó ń yọ orí pupa roboto bíi bọ́ọ̀lù nígbà òjò àkọ́rọ̀. Májèlé wà nínú iṣu rẹ̀, kí ewúrẹ́ àti ọmọdé má débẹ̀. Ẹ má sì lọ hú u nínú igbó Ọ̀ṣun o, ibi tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005 ni.

Níwájú olùtajà

Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè. Bó bá kọ̀ tí kò ṣí nílẹ̀, gbòǹgbò ti gba ìdí ọ̀rá wọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fà á já, ewé á wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ mú òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n bomi rin ín kó tó gun ọ̀kadà, kí ẹ fi àpò bo ewé rẹ̀, torí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi í síbòji ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó gbìn ín nírọ̀lẹ́.