Ìwé ìròyìn tàbí ìwé coroner: èwo ló sún mọ́ òkú jù?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lábúlé South Carolina, ní Amẹ́ríkà, láyé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé méjì ló máa ṣí. Ìwé ìròyìn yá láti kà, ó sì ń sọ ohun tó tẹ̀ lé ikú náà, ṣùgbọ́n ohun tí aláwọ̀ funfun fẹ́ gbọ́ ló sábà ń gbé jáde.

Ti coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó pa òkú, ni mo fara mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ti búra dúró ti òkú, wọ́n wo ojú ọgbẹ́, wọ́n gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò mọ̀wé fi àmì X síbẹ̀. Mo máa ń tẹjú mọ́ àmì yẹn pẹ́. Ìwé coroner náà lábùkù o: wọ́n lè kọ ọ́ pé “àmúwá Ọlọ́run” ni ikú ẹrú, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ẹ wo Hamburg, ìlú kan ní South Carolina, ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1876. Àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra pa àwọn ọmọ ogun ìlú aláwọ̀ dúdú, wọ́n yìnbọn fún àwọn kan tí wọ́n ti mú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn pè é ní rògbòdìyàn. Ìwádìí coroner tí Prince Rivers, adájọ́ tó ti ṣe ẹrú rí, darí dárúkọ àwọn afurasí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnì kan lẹ́bi.