Caesar àti Koba: àgbéyẹ̀wò mi lórí fíìmù Planet of the Apes tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹ má wo apá kejì kí ẹ tó wo apá kìíní, ẹ má sì fo apá kẹta torí pé ẹnì kan sọ fún yín pé ogun inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Rise of the Planet of the Apes ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2011, Dawn tẹ̀ lé e ní 2014, War sì kádìí rẹ̀ ní 2017. Orúkọ wọn máa ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú, torí kò sí nọ́ńbà lára wọn. Ẹni tó bá ti orí Dawn bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ojú Caesar, ìnàkí tó jẹ́ olórí ìtàn yìí, fi yí padà nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé àtijọ́ kan pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn lára. Ẹ ò nílò fíìmù àtijọ́ ti 1968 tí Charlton Heston ṣe, ẹ ò sì nílò èyí tí Tim Burton tún ṣe ní 2001. Ìtàn ìgbésí ayé ẹyọ ìnàkí kan ṣoṣo ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí dọjọ́ ikú, mi ò sì tíì rí ìtàn sáyẹ́ǹsì mìíràn tó tọ́jú ẹ̀dá kan bẹ́ẹ̀.

San Francisco ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Will Rodman, tí James Franco ṣe, ń wá oògùn àrùn Alzheimer's torí pé àìsàn ìgbàgbé yìí ti ń sọ Charles bàbá rẹ̀ di ọmọdé. Ara àwọn ìnàkí ni wọ́n ti ń dán oògùn náà wò. Ọ̀kan nínú wọn fárígá mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n yìnbọn pa á, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i pé ó ti bímọ sínú àkámọ́, pé ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Will gbé ọmọ náà lọ sílé, Charles sì sọ ọ́ ní Caesar. Oògùn tí wọ́n fún ìyá ti dé ara ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú apá kìíní kì í ṣe ìjà orí afárá Golden Gate tí gbogbo èèyàn ń pariwo. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni. Charles di fọ́ọ̀kì mú sódì, kò mọ̀ pé sódì ni òun dì í mú. Caesar na ọwọ́, ó rọra yí fọ́ọ̀kì náà padà fún un, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń dà láàmú yóò mọ irú ìwò yẹn. Nígbà tó yá, Caesar rí ajá tí wọ́n fi okùn sí lọ́rùn, ó wo okùn ọrùn tirẹ̀ náà, ó sì fi ọwọ́ béèrè lọ́wọ́ Will bóyá ẹran ọ̀sìn ni òun. Will kò rí èsì gidi fún un. Lójú mi, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó bá aládùúgbò wọn jà nítorí Charles, kí wọ́n tó tì í mọ́ ilé ìtọ́jú ẹranko tí kò sí ìtọ́jú kankan níbẹ̀. Inú àhámọ́ yẹn ló ti kọ́ àwọn yòókù pé agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ibẹ̀ náà ló sì ti la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, “Rárá!” Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, síbẹ̀ ara mi máa ń ta gìrì.

Àwa Yorùbá tún ní ẹni tiwa níbẹ̀. David Oyelowo, ọmọ tí wọ́n bí ní Oxford, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, ló ṣe Steven Jacobs, ọ̀gá ilé iṣẹ́ oògùn náà. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún un ju owó, owó, owó lọ, ó sì dùn mí, torí òṣèré tó jinlẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i dáadáa. Ìnàkí kan wà nínú yàrá àyẹ̀wò wọn tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Lẹ́yìn tí oògùn tuntun dé ara rẹ̀, wọ́n fún un ní nǹkan ìkọ̀wé, orúkọ Jacobs ló kọ. Koba nìyẹn. Nígbà tí Jacobs há sínú hẹlikópítà tó já sórí afárá, Caesar wò ó, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Koba ló fi ẹsẹ̀ tì í sínú omi. Àárín ìnàkí méjì yìí ni fíìmù méjì tó kù dúró lé.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olólùfẹ́ fíìmù yìí kì í yé jiyàn lé lórí: ta ló ni ìyìn Caesar, ṣé Andy Serkis, òṣèré tó ṣe é, ni àbí àwọn oníkọ̀ǹpútà Wētā Digital ní Wellington, ní New Zealand? Ní 1968, ìbòjú ni wọ́n fi mọ àwọn òṣèré lójú, John Chambers tó ṣe é sì gba Oscar ẹ̀yẹ pàtàkì. Ti ìsinsìnyí, Serkis wọ aṣọ kan tó mọ́ ọn lára pinpin, wọ́n to àmì sí i lójú, kámẹ́rà kékeré dúró níwájú ojú rẹ̀, gbogbo bí ó ṣe ń fajú ro àti bí ó ṣe ń mí ni kọ̀ǹpútà ń gbà sílẹ̀. Páálí díìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rà, wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí ojú Serkis lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Caesar, iyàn náà parí ní ọ̀dọ̀ tèmi. Serkis ló ní ìrora yẹn, àwọn Wētā ló sì jẹ́ kí irun, òjò àti yìnyín má ba ìrora náà jẹ́. Fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yàn fún Oscar iṣẹ́ àrà ojú, kò sí ọ̀kan tó gbà á. Wọn ò tilẹ̀ yan Serkis fún ti òṣèré rárá. Àìdáa gbáà ni, mi ò sì rí ohun tí wọ́n lè fi dá a láre.

Ní Dawn, ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Àrùn tó ti inú oògùn náà jáde ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ayé, Caesar àti àwọn ìnàkí rẹ̀ sì ń gbé inú igbó. Àwọn èèyàn tó ṣẹ́ kù ní San Francisco fẹ́ iná mànàmáná láti ibi ìdídò kan tó wà ní ilẹ̀ àwọn ìnàkí. Caesar ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ wọn. Koba, tí Toby Kebbell ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí àpá ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ èèyàn nìyí, iṣẹ́ èèyàn nìyí. Kò sí ìdáhùn sí i. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Caesar jẹun lọ́wọ́ èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ nìkan ni Koba mọ̀ mọ́ ọwọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ibi ìkó-nǹkan-ìjà-sí. Àwọn ọkùnrin méjì tó ní ìbọn ká Koba mọ́. Ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀bọ eléré, ó ń ta kìtì, ó ń bá wọn mutí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa wọ́n. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dàlẹ̀ nínú fíìmù, mi ò rí èyí tó dẹ́rù bà mí báyìí, torí pé ohun tí wọ́n ti rò pé ó jẹ́ ló fi mú wọn.

Àwọn kan nínú wa ní Koba ò jẹ̀bi. Mo gbà pẹ̀lú wọn títí tó fi dé orí Ash, ọ̀dọ́ ìnàkí kan tó jẹ́ ọmọ Rocket, ọ̀kan nínú àwọn ìnàkí tó sún mọ́ Caesar, tó ní òun ò ní pa ẹni tí kò mú ohun ìjà dání. Koba jù ú sílẹ̀ láti òkè. Òfin wọn ni pé ìnàkí kì í pa ìnàkí. Níkẹyìn, nígbà tí Koba rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ Caesar, tó sì rán an létí òfin yìí, Caesar ní Koba kì í ṣe ìnàkí, ó sì jù ú sílẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ó yí òfin po kó lè pa arákùnrin rẹ̀, fíìmù náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ní War, Koba ń bá a lójú oorun.

War ni wọ́n ń bú jù, ti orúkọ rẹ̀ ni mo sì gbà: ẹni tó bá ń retí ogun ńlá yóò jókòó sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gágun kan, tí Woody Harrelson ṣe, pa ìyàwó Caesar àti Blue Eyes àkọ́bí rẹ̀, Caesar sì fi àwọn ìnàkí rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ gbẹ̀san. Maurice, orangutan tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń jọ ti Koba. Gbólóhùn yẹn nìkan tó fíìmù kan. Bí wọ́n ṣe sá kúrò nínú ọgbà náà rọrùn jù, mi ò ní tan yín, yìnyín tó ya lulẹ̀ sì bọ́ sákòókò jù. Àwọn obìnrin kò rí nǹkan gidi ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Cornelia, aya Caesar, kò ní ju ìwọ̀nba lọ kí wọ́n tó pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Caesar rí ọ̀tá rẹ̀ tí àrùn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì yìnbọn, mo mọ̀ pé gbèsè Koba ni ó ń san.

Ẹ má wo Dawn àti War lórí fóònù kékeré nínú ọkọ̀. Ọwọ́ ni àwọn ìnàkí fi ń sọ̀rọ̀ jù, ìsàlẹ̀ fíìmù ni ẹ ti máa ka ohun tí wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ nǹkan sì wà nínú òkùnkùn. Ti àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i, ìpànìyàn inú rẹ̀ pọ̀. Kingdom tó jáde ní 2024 jẹ́ ìtàn ọ̀pọ̀ ìran lẹ́yìn Caesar, ẹ lè fi sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá ní kí n tò wọ́n, Dawn ni mo fi ṣáájú, Rise tẹ̀ lé e, War gbẹ̀yìn. Àbúrò mi ọkùnrin ní irọ́ ni, pé War ló yẹ kó ṣáájú nítorí ojú Serkis nínú yìnyín, a ò sì tíì bá a parí.