Àgbéyẹ̀wò sẹ́ńsọ̀ orúnkún: ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni sẹ́ńsọ̀ yìí fi ń sọ fún mi pé orúnkún mi ń nà tán, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní fi í sílẹ̀.

Méjì ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ. Bẹ́líìtì onírọ́bà ni mo fi ń so ọ̀kan mọ́ itan, èkejì mọ́ ojúgun. Gyroscope wà nínú wọn tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí, accelerometer sì wà níbẹ̀ tó ń mọ apá ibi tí ilẹ̀ ti ń fà á. Fóònù á fi bí itan ṣe dúró wé bí ojúgun ṣe dúró. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni igun orúnkún, ní dígírì.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, áàpù á ní kí n dúró ṣánṣán. Bí mo bá ṣe dúró yẹn ló máa pè ní òdo. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, orúnkún mi ṣì ká díẹ̀ nígbà tí mo rò pé mo ti nà án tán. Sẹ́ńsọ̀ gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ tí físíò mi, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú orúnkún mi, gbé goniometer rẹ̀ jáde, rúlà alápá méjì tí wọ́n fi ń wọn oríkèé, dígírì 8 ló bá. Ó tún un wọ̀n, 8 náà ni. Ó kéré lójú, àmọ́ orúnkún tí kò nà tán kì í jẹ́ kí iṣan iwájú itan sinmi, ènìyàn á sì máa tiro. Lójú ẹsẹ̀ la wọ inú ètò áàpù, a tẹ 8 sí ipò òdo.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Màá dùbúlẹ̀, màá ká aṣọ ìnura sábẹ́ gìgísẹ̀, màá máa tẹ orúnkún sísàlẹ̀, ojú mi á wà lára nọ́ńbà: 8, 7, 7, 5. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ku 2. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ì bá mú mi fara da ìrora yẹn lójoojúmọ́.

Ó tú àṣírí ìrìn mi pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, orúnkún a máa ká tó nǹkan bíi dígírì 60 kí ìka má baà gbá ilẹ̀. Nígbà tí mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ òsì, 62 ni. Ti ọ̀tún, èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, jẹ́ 41. Ìgbáròkó ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ náà kọjá láìmọ̀.

Bẹ́líìtì itan máa ń yọ̀ wálẹ̀ bí mo bá làágùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ńbà kíká mi já wálẹ̀ ní dígírì 14, ọkàn mi bàjẹ́. Àṣé ibi tí mo so ti ojúgun sí ti yàtọ̀ sí tàná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi bírò sàmì sí ara. Bí irin ńlá bá sì wà nítòsí, magnetometer rẹ̀, tó ń mọ apá ibi tí àríwá wà bíi kọ́ńpáàsì, a máa ṣìnà. Bátìrì ò ní ìṣòro.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ṣe é ni pé kí áàpù kọ́kọ́ béèrè bóyá orúnkún ẹni ń nà tán, kó tó ní kí ó dúró. Ibi tí a ti lè tẹ nọ́ńbà físíò sí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ètò pátápátá ni wọ́n kàn fi í sí. Ká ní mo rí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni, mi ò bá má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yọ̀ sí òdo tí kì í ṣe òdo.