Áàpù ọ̀fẹ́ wo ló mọ ọjọ́ ọjà kà? Àyẹ̀wò láti Òṣogbo

Aláró tó gba iṣẹ́ oníbàárà mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, tí ti ẹnì kan jẹ́ yáàdì mẹ́wàá, tí ti ẹlòmíì jẹ́ márùn-ún, tí ọjọ́ àjọ ń bọ̀, tí owó ilé-ìwé ọmọ náà tún ń dúró, orí nìkan kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ a sì máa kó sómi aró. Fóònù ló kù. Áàpù méje tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni a gbé lé ìwọ̀n, ìbéèrè mẹ́rin la sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán? Ṣé ìránnilétí rẹ̀ ń dún lásìkò? Ṣé ó lè ka ọjọ́ bí a ṣe ń kà á? Bí a bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣé a lè kó ẹrù wa jáde?

Google Calendar (kàlẹ́ńdà) àti Google Keep (ìwé nóòtì) ló borí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì nílò ẹ̀kẹta.

Ìbéèrè kẹta ni ká kọ́kọ́ dúró lé. Ọjà tó ń ná lọ́rọọrún àti ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní ìtàdógún kò bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn. Aláàmù inú fóònù kò mọ̀ ju Monday sí Sunday lọ. Calendar ní tirẹ̀ ń gba iye ọjọ́ tó bá wù wá. Ẹ tẹ àmì +, ẹ yan Event, ẹ kọ orúkọ ọjà náà, ẹ fi ọjọ́ tí yóò ná sí i. Níbi tí wọ́n kọ Does not repeat sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Custom, kẹ́ ẹ wá kọ iye ọjọ́.

Iye ọjọ́ yìí ló ń da ènìyàn rú. Nínú kíkà tiwa, òní wà lára rẹ̀. Áàpù kì í ka òní. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tó ná ní Monday, Friday ló tún ń ná, nítorí náà 4 lẹ ó kọ, kì í ṣe 5. Ìsán, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú kíkà tiwa, jẹ́ 8. Ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, jẹ́ 16, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ìwòyí ti ń fi í pe ọ̀sẹ̀ méjì, tí í ṣe 14. Ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́ léèrè èyí tí wọ́n ní lọ́kàn, torí ìyàtọ̀ ọjọ́ méjì ní ìpàdé àkọ́kọ́ á di mẹ́rin ní ìkejì. Ẹni tó bá sì kọ 5 fún ọjà ọrún, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin ni fóònù rẹ̀ yóò bá ọjà pàdé. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló léwu jù, torí òun ni kì í jẹ́ kó tètè fura.

Calendar kì í pariwo bí aláàmù o. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ fi ìránnilétí méjì sí i: ọ̀kan ní ọjọ́ kan ṣáájú, èkejì ní wákàtí méjì ṣáájú.

Bí kò bá wá dún rárá ńkọ́? Ẹ má tíì bú áàpù. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń pa áàpù tí a kò ṣí kí bátìrì má baà tètè tán, pàápàá báyìí tí iná kò dúró sójú kan. Ẹ wọ Settings, Apps, Calendar, Battery, kẹ́ ẹ yan Unrestricted. Orúkọ wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Ẹ tún wo Notifications bóyá ó wà ní títàn: láti Android 13, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè fi nǹkan tó wa létí, ẹni tó bá sì ti fi ìkánjú tẹ Don't allow ti dí i lẹ́nu nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ kọ nǹkan kan sí ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ẹ fi ìránnilétí rẹ̀ sí àsìkò náà gan-an, ẹ pa ojú fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa retí rẹ̀.

Keep wà fún ohun tí kò ní aago. Ẹ ṣí nóòtì tuntun, ẹ yan Checkboxes, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà l'Ọ́jà Ọba síbẹ̀: tẹ́rù funfun yáàdì 10, lááfún, abẹ́là, kọ́sítíìkì sódà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èyí tí ẹ bá ti rà, ẹ tẹ̀ ẹ́, á bọ́ sísàlẹ̀, ohun tó kù nìkan á wà lókè. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má tún un kọ: ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ yan Uncheck all items, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Ẹ lè ya àwòrán bátànì tí oníbàárà fẹ́ mọ́ nóòtì rẹ̀. Nípa Collaborator, ẹ lè pín in pẹ̀lú ọmọṣẹ́, àmọ́ ẹni tí ẹ pín in fún lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ má pín orúkọ àwọn onígbèsè. Keep kì í ro owó pọ̀. Google Sheets, ìwé ìṣirò tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà, ni kẹ́ ẹ lò fún gbèsè.

Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ohun tí ẹ kọ á wà nínú fóònù títí dátà yóò fi dé. Bí fóònù bá sọnù kó tó dé, ó bá a lọ nìyẹn. Ẹ tan dátà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lálaalẹ́.

Microsoft To Do, áàpù àkójọ iṣẹ́, nìkan ló ń bá wọn du ipò. My Day rẹ̀, ojú ìwé iṣẹ́ òní, máa ń ṣófo lójoojúmọ́ kí ènìyàn lè yan iṣẹ́ ọjọ́ náà lákọ̀tun, ó sì dára fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Todoist, áàpù àkójọ iṣẹ́ mìíràn, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò gbà ju project (àkójọ) 5 lọ. Trello, tó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn, wúlò níbi tí ọwọ́ bá pọ̀, tí aṣọ kan ń ti orí bátànì lọ sínú aró, tó ń lọ sórí okùn, tó fi dé ọwọ́ oníbàárà. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ó ti pọ̀ jù. Notion, tó pa nóòtì àti àkójọ iṣẹ́ pọ̀, wúwo fún fóònù kékeré. Ní ti Evernote, áàpù nóòtì, láti December 2023 ni ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti di nóòtì 50 péré, lẹ́yìn tí àwọn kan ti kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sínú rẹ̀.

Irú èyí ló mú wa béèrè ìbéèrè kẹrin, ti kíkó ẹrù wa jáde. Wunderlist, áàpù àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn, ni Microsoft tì pa ní May 6, 2020. Fún Keep àti Calendar, ẹ lọ sí takeout.google.com, ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo ohun tó kù, ẹ fi àwọn méjì yìí sílẹ̀, ẹ gba fáìlì rẹ̀. Ẹ máa ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì náà pamọ́ síbòmíràn yàtọ̀ sí inú fóònù yẹn.