Rédíò, PLB, EPIRB tàbí inReach: èwo ló yẹ kí ọlọ́kọ̀ ojú omi kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá wa ọkọ̀ fáíbà kọjá Tarkwa Bay bọ́ sójú òkun, ì báà jẹ́ ẹja ló ń wá, ì báà jẹ́ fàájì, kò ní pẹ́ dé ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù ti ń dákú. Níbẹ̀, 112 àti 767 tí ará Èkó ń pè kò lè gbọ́ yín mọ́. Ẹ̀rọ tó lè jẹ́ kí wọ́n rí yín níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wéra. Dọ́là ni mo fi ṣírò, iye ọjà òkè òkun ni, owó kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù ni iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá yọ wọ́n nínú omi. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1989 lórí yíyọ ọkọ̀ nínú ewu ti yanjú ìyẹn: ẹni tí wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là kì í sanwó ẹ̀mí. Ọkọ̀ àti ẹrù ni wọ́n lè gbowó lé. RNLI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń yọ ènìyàn nínú omi láti 1824, kì í gba kọ́bọ̀. US Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, náà kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ewu, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá kàn kú tí ewu ò sí, iléeṣẹ́ bíi Sea Tow ló máa wá fà yín, tòwò-tòwò. Ẹ̀yin tó wà ní Maryland tàbí Houston, owó ọdọọdún tí Sea Tow ń gbà dáa fún ìdààmú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi rọ́pò ẹ̀rọ tó ń kígbe fún ìrànlọ́wọ́.

Rédíò VHF alágbèéká

Láti bíi dọ́là 150 sí 300. Kò ní owó oṣù. Ìkànnì 16 ni ti ìpè ewu. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í lọ jìnnà: láti inú ọkọ̀ kékeré sí ọkọ̀ kékeré, ẹ má retí ju máìlì orí omi mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkun Èkó: ọkọ̀ ńláńlá máa ń dákọ̀ró níwájú ibẹ̀, àǹtẹ́nà wọn ga, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí ìkànnì 16. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé rédíò ṣíwájú fún ẹni tí kì í rìn jìnnà. Bí agbára bá ká a, ẹ ra èyí tó ní DSC (ìpè ewu aládàáṣe) àti GPS, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì pupa kan ló máa fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà MMSI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rédíò yín, kó tó ṣiṣẹ́.

PLB

Ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn ń gbé sára láti fi àmì ewu ránṣẹ́ ni. Bíi dọ́là 300 sí 450. Ó wọ àpò, ara láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa so ó mọ́. Orí 406 MHz ló ti ń bá sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò ìdóòlà àgbáyé, sọ̀rọ̀, kò sówó oṣù, ó sì gbọ́dọ̀ lè ké fún wákàtí 24 ó kéré tán. Fúnra yín lẹ máa na àǹtẹ́nà rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè kó rí ojú ọ̀run. Ẹni tó ti dákú ò lè ṣe ìyẹn. Ní Nàìjíríà, ibùdó NEMA l'Abuja ló ń gba irú àmì yìí, NIMASA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun, sì ní ibùdó ìdóòlà l'Èkó tó ń bójú tó omi orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Benin àti Tógò wà níbẹ̀. Àmọ́ kí àmì dé Abuja yàtọ̀ sí kí ọkọ̀ gbéra. Ìdí mìíràn tí mi ò fi ní fi rédíò sílẹ̀ nìyẹn.

EPIRB

Bíi dọ́là 450 sí 900. Ẹ̀rọ àmì ewu bíi PLB ni, àmọ́ ọkọ̀ ló ni í, kì í ṣe ènìyàn. Ó ń léfòó, ó ń ké fún wákàtí 48, oríṣi kan sì wà tó máa já ara rẹ̀ gbà bí ọkọ̀ bá rì tó mítà 1.5 sí 4. Ohun tó ń já a gbà yẹn, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi owó yẹn kún un. Ọkọ̀ apẹja tó ń sùn sójú òkun ló tọ́ sí.

Garmin inReach

Ẹ̀rọ alágbèéká tó ń fi sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́ tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni. Ó lè tó dọ́là 300 sí 400. Owó oṣù ló ń jẹni: bó bá jẹ́ dọ́là 15, ọdún márùn-ún á gba 900 lórí iye tí ẹ fi rà á. Ẹ lè fi kọ ìwé ránṣẹ́ sílé, èsì á sì padà wá. Ẹni tó bá ń rìn lóṣooṣù á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, PLB.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. PLB tàbí EPIRB tó jẹ́ 121.5 MHz nìkan, sátẹ́láìtì ti dẹ́kun gbígbọ́ ọ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2009. Òkú ọjà ni, bó ti wù kó máa tan iná tó. Bó bá sì jẹ́ 406 tí orúkọ ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ará Florida kan ni wọ́n máa pè nígbà tí ẹ̀yin ń mumi òkun ní Ìlàjẹ.

Fún dọ́là 600, PLB àti rédíò ni màá rà fún ọkọ̀ Èkó, lẹ́yìn tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì bá ti kárí gbogbo èrò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ níbí, torí líthíọ́mù ni, kì í sì í ṣe gbogbo kúríà ló ń gbé e sínú bàálù.