NetworkX nídìí òwò kánópì: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún kan

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń háyà kánópì, àga àti tábìlì fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó n'Íbàdàn. Nígbà tí oṣù Kejìlá ku díẹ̀, ó pè mí lórí fóònù: "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Sẹ́ẹ̀tì kánópì mélòó ló máa tó mi lò dé Kérésì? Méje ni mo ní, mo sì fẹ́ ra ìkẹjọ, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré." Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí NetworkX. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń lò ó.

Àkójọ kóòdù fún Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni NetworkX; iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí gíráàfù, ìyẹn àwọn kókó tí okùn so pọ̀. Aric Hagberg, Pieter Swart àti Dan Schult ló pilẹ̀ rẹ̀; ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sì dọ́wọ́ aráyé ní 2005. Ọ̀fẹ́ ni. Kò tó mégábáìtì 5, ẹ̀ẹ̀kan péré sì lẹ máa gbà á sórí kọ̀ǹpútà; lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò dátà mọ́. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti fẹ́ràn rẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan di kókó kan. Bí ọjọ́ oníbàárà méjì bá pàdé, mo ta okùn láàárín wọn. Sẹ́ẹ̀tì kánópì ni àwọ̀: kókó méjì tí okùn so pọ̀ kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ kan náà. Tí gíráàfù bá kàn wà bẹ́ẹ̀ láìní ìdílé, àtimọ iye àwọ̀ tó kéré jù lọ ṣòro gan-an. Ó wà lára ìṣòro tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Richard Karp kà mọ́ àwọn NP-complete ní 1972, ìyẹn àwọn ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà yíyá tó máa yanjú wọn nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n gíráàfù tó jáde láti inú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ní ìdílé. Interval graph ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilé chordal sì ni: níbi tí kókó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti so ara wọn yípo, okùn kan á wà tó dá òrùka náà búú. Nínú ilé yìí, iye àwọ̀ tẹ́ ẹ nílò kì í ju iye kókó tó wà nínú agbo tó tóbi jù lọ, ìyẹn agbo tí gbogbo wọn so mọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

NetworkX ní interval_graph tó ń kọ́ irú gíráàfù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kó oníbàárà 38 sí i, kókó 36 ló jáde. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí gan-an ló fi ń ṣe orúkọ kókó, torí náà ẹni méjì tó bá gba kánópì láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Ajé kan náà á di ẹyọ kan. Ẹ fún oníbàárà yín ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ ta okùn náà fúnra yín. Kóòdù ìlà mẹ́rin ni. Ohun kan dára níbẹ̀ o: bí ẹnì kan bá dá kánópì padà lọ́jọ́ tí ẹlòmíì fẹ́ gbé e, ó kà á sí ìkọlù. Bó ṣe yẹ kó rí lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn, torí a gbọ́dọ̀ fọ aṣọ rẹ̀ kó tó tún jáde.

Mo wá pe is_chordal, tó ń wò bóyá gíráàfù jẹ́ chordal, ó dáhùn pé True (bẹ́ẹ̀ ni). Mo pe greedy_color, tó ń kun àwọn kókó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ 8 ló lò. Ọkàn mi bàjẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Àfìgbà tí mo pe chordal_graph_cliques, tó ń to àwọn agbo jáde, ni mo rí i pé agbo tó tóbi jù kò ju 7 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bẹ́ ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún greedy_color, kókó tí okùn rẹ̀ pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ kùn, kò sì bìkítà nípa ìdílé gíráàfù. Ẹ dán an wò: kókó 1 dé 6 lórí ìlà kan, tí kálukú so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ 2 ti tó. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kọ kókó 2, 5, 3 àti 4 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ 1 àti 6, àwọ̀ 3 ló máa fún yín. Oògùn rẹ̀ ni pé greedy_color ń gba ètò tẹ́ ẹ bá kọ fúnra yín. Mo ní kó máa tẹ̀ lé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá kan oníbàárà kan báyìí, gbogbo kánópì tó ṣì wà níta lọ́jọ́ náà wà níta pa pọ̀, agbo kan ni wọ́n pẹ̀lú ẹni tuntun yìí, nítorí náà àwọ̀ kò lè kọjá ìwọ̀n agbo. Ó fún mi ní 7. Ẹ̀gbọ́n mi kò ra ìkẹjọ, kò sì sí ìnáwó kankan tí a kò gbé kánópì dé.

Mo tún ń fi hopcroft_karp_matching pín àwọn awakọ̀ sí ojú iṣẹ́. Ó yá, àmọ́ ẹ fún un ní top_nodes, ìyẹn àwọn kókó tó wà ní apá kan, bí àwọn awakọ̀; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kọ̀ pẹ̀lú àṣìṣe AmbiguousSolution bí gíráàfù bá já sí apá tí okùn kankan kò so pọ̀. Tọ̀tún-tòsì ló sì ń kọ orúkọ, awakọ̀ sí iṣẹ́ àti iṣẹ́ sí awakọ̀, torí náà ẹ pín iye rẹ̀ sí méjì.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ dùn mí. Kò sí irinṣẹ́ tó máa wo gíráàfù kó sọ bóyá interval ni. SageMath ní is_interval, ṣùgbọ́n gígábáìtì ni wọ́n fi ń ka ti SageMath, kọ̀ǹpútà mi kò lè gbé e. Python lásán ni wọ́n sì fi kọ NetworkX, ó ń falẹ̀ bí okùn bá ti di àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Oníbàárà 38 kò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn ìjọ tó ń gba kánópì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló wá kù, kálukú wọn sì ń fẹ́ sẹ́ẹ̀tì tó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ ń yípo, kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìjọ 5 bá kọlu ara wọn bí òrùka, kò sí ọjọ́ tí ju 2 lọ wà níta, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀tì 3 ni wọ́n máa gbà. Circular-arc nìyẹn, gíráàfù àwọn àkókò tó ń yípo, láti 1980 ni wọ́n sì ti fi hàn pé kíkùn rẹ̀ jẹ́ NP-complete. Ní báyìí, mo máa ń yọ àwọn ìjọ sọ́tọ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì tiwọn, màá sì fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ to àwọn tó kù.